Kò rẹ Rosa Parks, ó sú u ni

Ẹ̀gbọ́n wa kan tún fi fọ́ìsì nóòtì sórí WhatsApp ẹbí láàárọ̀ yìí pé ìyá àgbà kan wọ bọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà, ó ti rẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò wá lè dìde fún òyìnbó. Ìtàn yìí náà ni wọ́n máa ń sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì tọ́rọ̀ ìgboyà bá ti dé, inú sì máa ń bí mi.

Ìyá àgbà wo? Ọmọ ọdún 42 ni Rosa Parks ní December 1, 1955 tó kọ̀ tí ò dìde ní Montgomery, ìpínlẹ̀ Alabama. Kì í sì í ṣe àga òyìnbó ló jókòó sí o, apá ẹ̀yìn tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fáwọn dúdú níbẹ̀ ni, iwájú tó jẹ́ tàwọn òyìnbó ló kún tí dírẹ́bà wá ní kóun àtàwọn dúdú mẹ́ta dìde fún òyìnbó, àwọn mẹ́ta yẹn dìde, òun jókòó síbẹ̀. Dírẹ́bà yẹn náà, James Blake, ti lé e bọ́ọ́lẹ̀ rí ní 1943. Ọdún yẹn gan-an ni Rosa di sẹ́kìrítírì ẹgbẹ́ NAACP tó ń jà fẹ́tọ̀ọ́ àwọn dúdú, ní Montgomery níbẹ̀, ní 1944 òun ni wọ́n rán lọ sí Abbeville lọ wádìí ọ̀rọ̀ Recy Taylor táwọn ọkùnrin òyìnbó fipá bá lò pọ̀, ẹ rò ó wò, obìnrin dúdú tó ń bi irú ìbéèrè yẹn ní Alabama ayé ìgbà yẹn! Ní 1955 kan náà ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Highlander ní Tennessee, níbi tí dúdú àti funfun ti jọ ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa ja ìjà yìí. Ẹni tó ti ń bá a bọ̀ láti ọdún méjìlá lẹ ní ẹsẹ̀ ló ń dùn.

Télọ̀ ni màmá mi, iṣẹ́ tí Rosa náà ń ṣe nìyẹn. Mólùè ni wọ́n máa ń wọ̀ bọ̀ láti Òṣòdì, ẹsẹ̀ wọn á ti wú, kọ̀ndọ́ á bú wọn, á tì wọ́n, wọn ò ní fọhùn, torí ẹni tó ti rẹ̀ kàn fẹ́ délé ni. Ẹni tó bá ti rẹ̀, ńṣe ló máa ń gbà fún wọn.

Ó dáa, kò jọ pé ó ti ilé pinnu ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n òun fúnra ẹ̀ sọ nígbà tó yá pé kò rẹ òun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, gbígbà fún wọn ló sú òun. Òyìnbó lè fi ọ̀rọ̀ kan pe méjèèjì, àwa mọ̀ pé rírẹ̀ yàtọ̀ sí sísú. Wọ́n bu owó ìtanràn lé e, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì kó kúrò nílùú ní 1957.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún fọ́ìsì yẹn ṣe, àwọn ọmọ wa wà lórí gúrúùpù yẹn.