Ẹ kà wá dé Ìmẹ̀kọ

Nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bí ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, 30 ló kú kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ní Ìpínlẹ̀ Kebbi, 252 ni. Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 ló sọ bẹ́ẹ̀, òun náà ló sì sọ pé tí a bá da gbogbo ìpínlẹ̀ pọ̀, 132 ni. Ta ló wá bímọ sí 132? Ìyá tó wà ní Ṣàgámù kò bí i síbẹ̀, èyí tó wà ní Birnin Kebbi náà kò bí i síbẹ̀. Bí Àjàó bá jẹ ẹran méjì, tí Àlàbí ò fojú kan eegun, ìṣirò àpapọ̀ á ní ẹran kọ̀ọ̀kan ni wọ́n jẹ. Irú ìṣirò yìí ni wọ́n fi ń ṣètò owó, ilé ìwé àti oògùn fún wa.

Ìgbà tí a bá tú àpapọ̀ yẹn palẹ̀ ní ìpínlẹ̀ ìpínlẹ̀ la tó ń rí orílẹ̀-èdè tí à ń gbé. Ìwádìí 2018 yẹn náà fi hàn pé obìnrin kan ní Katsina ń bí ọmọ méje ó lé díẹ̀, ti Èkó ń bí mẹ́ta ààbọ̀, kò tilẹ̀ pé. Ní 2022, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìṣirò, NBS, ní 133 mílíọ̀nù ọmọ Nàìjíríà, 63 nínú ọgọ́rùn-ún, ló wà nínú ìṣẹ́ lọ́nà púpọ̀, ìyẹn àìní omi, ilé ìwé, ìlera àti irú wọn. Ní Sókótó, wọ́n jẹ́ 91 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Oǹdó, 27. Ìpínlẹ̀ tí ọmọdé pọ̀ jù níbẹ̀ ń wá agbẹ̀bí àti olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ọ̀dọ́ ń wọ́ lọ láti ibi gbogbo ń wá iṣẹ́, ilé tí apá ká owó rẹ̀, àti ọkọ̀ tó máa gbé èèyàn dé ibi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ẹni tó bá fún àwọn méjèèjì ní ohun kan náà, ó kàn pín nǹkan ni, kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

A mọ ohun tí àwọn kan ń fi nọ́mbà wọ̀nyí ṣe. Wọ́n fi ń bú àwọn ará Òkè Ọya, wọ́n á ní àwọn ló ń fà wá sẹ́yìn. Kí ẹni tó bá fẹ́ bú wọn kọ́kọ́ jókòó ti nọ́mbà Ògùn ná.

Nínú ìròyìn ìṣẹ́ tí NBS gbé jáde lórí 2019, èèyàn bíi mẹ́sàn-án péré nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kà sí tálákà ní Ògùn. Nínú èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2022, iye náà ju 60 lọ. Ògùn kan náà, àjọ kan náà! Kò sí ẹni tó purọ́ níbẹ̀ o, òṣùwọ̀n ló yàtọ̀. Ti àkọ́kọ́ bèèrè iye tí èèyàn ń ná lọ́dún: ẹni tí ìnáwó rẹ̀ kò bá tó ₦137,430 ni tálákà. Èkejì kò bèèrè owó. Ó bèèrè omi tí wọ́n ń mu, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń dáná, ilé ìwé, ìlera, iṣẹ́. Ẹni tó bá mọ apá Ọ̀tà àti Àgbárá kò ní bèèrè bí méjèèjì ṣe lè jẹ́ òótọ́. Bàbá ń gba owó oṣù ní ilé iṣẹ́ ńlá, ó ti kọ́lé oníyàrá mẹ́ta sórí ilẹ̀ tí ìjọba kò là ọ̀nà sí rí, omi tí wọ́n ń rà nínú kẹ́ẹ̀gì ni ìyàwó rẹ̀ fi ń se oúnjẹ. Owó wà lápò díẹ̀, ìjọba ni kò sí nílé.

Bẹ́ẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ 20 ló wà ní Ògùn. Èwo nínú wọn ni 60 yìí ń bá wí jù? Ṣé Adó-Odò/Ọ̀tà tí ilé iṣẹ́ kún ni, àbí Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n tó jẹ́ pé oko lọ títí dé ẹnubodè? Ìwádìí wọ̀nyí kò lè dáhùn. Nínú ìwádìí ìlera 2018, ilé bíi 40,000 ni wọ́n wọ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. Ìyẹn tó láti mọ bí ìpínlẹ̀ ṣe rí, kò tó láti mọ bí abúlé ṣe rí. Èyí tó tún burú jù ni pé inú àkọsílẹ̀ àgbègbè ìkànìyàn ti 2006 ni wọ́n ti ṣa àwọn àdúgbò tí wọ́n lọ. Ibi tó jẹ́ igbó ní 2006, tó ti di ìlú báyìí, igbó náà ló ṣì jẹ́ nínú ìwé wọn. Ìpìlẹ̀ ìwádìí náà ti pẹ́ débi pé ọmọ tí wọ́n bí nígbà yẹn yóò dìbò ní 2027.

Kí ló dé tí a ò fi ka èèyàn mọ́ láti 2006? Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Nígbà òyìnbó, bí wọ́n bá ní akànìyàn ń bọ̀, oko ni àwọn ọkùnrin ń gbà lọ, torí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ka orí lónìí ń bọ̀ wá gba owó orí lọ́la. Àwọn àgbà náà sì ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Òmìnira dé, gbogbo rẹ̀ yí bìrí. Iye èèyàn di ìjókòó nílé aṣòfin, ó di owó. Ẹni tó ń fi ọmọ pamọ́ tẹ́lẹ̀ wá ń yá ọmọ aládùúgbò kún tirẹ̀. Wọ́n fagi lé ìkànìyàn 1962. Ti 1963 tó ní a jẹ́ 55.6 mílíọ̀nù, ìjà ló bá dé. Ti 1973, ìjọba ológun Murtala Muhammed ló dà á nù. Lọ́dún 2006, wọ́n ní Kánò jẹ́ 9.4 mílíọ̀nù, Èkó 9.1 mílíọ̀nù. Ìjọba Èkó ní àwọn náà kà tiwọn, ó sì lé ní 17.5 mílíọ̀nù. Ní 2013, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìkànìyàn wọ́gi lé nọ́mbà ìjọba ìbílẹ̀ 14 ní Èkó. Láàárín wa ńbí, 17.5 yẹn náà kò wọ̀ wá lọ́kàn tán. Ẹni tó ń jà fún ìpín kọ́ ló yẹ kó di òṣùwọ̀n mú.

Oṣù karùn-ún 2023 ni wọ́n tún ní a máa kà. Wọ́n ti pín ilẹ̀ sí àgbègbè àgbègbè, wọ́n ti gba àwọn akànìyàn, wọ́n ti kọ́ wọn níṣẹ́. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ ni ìjọba Buhari sún un síwájú. Èyí tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀ gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ ní 2025. Ìgbìmọ̀ kì í ka èèyàn.

A kò sì rò pé kọ̀ǹpútà nìkan ló máa tún un ṣe, bí àwọn kan ṣe ń sọ. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń pín owó àpapọ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀: ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ọgbọọgba, ìdá 30 wà fún iye èèyàn. Ètò ẹ̀kọ́, ìlera àti omi lápapọ̀, ìdá 10 péré ni. Gómìnà tó bá ní kí àwọn èèyàn òun kàn pọ̀ sí i lórí ìwé, ó mọ ohun tó ń ṣe. Gómìnà tí ọmọdé kò kú ní ìpínlẹ̀ rẹ̀ mọ́, oríire àwọn ìyá ni, kò sí nínú àpò ìjọba rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí orí bá ṣì jẹ́ owó, wọn yóò máa ka orí tí kò sí lọ́rùn ẹnikẹ́ni.

Òfin owó orí tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2025 ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe láti dín in kù. Nínú owó VAT, ìyẹn owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ọjà, tí àwọn ìpínlẹ̀ ń pín, wọ́n rẹ ti iye èèyàn sílẹ̀ láti 30 sí 20, wọ́n sì fi 30 sí ibi tí èèyàn ti ra ọjà lò. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ láti mọ ibi tí wọ́n ti lo ọjà, ìṣirò ìpínlẹ̀ la tún nílò, èyí tó péye, tí àwọn tó ń jẹ nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn.

Àwọn ará Ghana kò jìnnà sí wa. Wọ́n kà ní 2021, wọ́n jẹ́ 30.8 mílíọ̀nù. Agbègbè Accra, pẹ̀lú 5.46 mílíọ̀nù, fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ṣáájú agbègbè Ashanti tó ti ń léwájú tẹ́lẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó ká ní Èkó àti Kánò ni.

Ohun tí a ń bèèrè nìyí. Kí ìjọba àpapọ̀ dá ọjọ́ ìkànìyàn, kó sì jẹ́ ọjọ́ tí ìdìbò kò ní lè sún. Àjọ tó ń pín owó, RMAFC, ti ní òun fẹ́ tún ìlànà ìpín yẹ̀ wò. Kí wọ́n rẹ ìdá 30 yẹn wálẹ̀, kí wọ́n fi kún ìdá 10, kí ọmọ tó yè àti ọmọ tó parí ilé ìwé di ohun tí ìpínlẹ̀ ń gbowó lé lórí. Kí wọ́n sì tẹ gbogbo nọ́mbà jáde ní ìjọba ìbílẹ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀, gbogbo 774, kí ẹnikẹ́ni lè kà á.

Àwọn gómìnà wa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní Gúúsù Ìwọ̀ Oòrùn kò ní àwáwí. Òfin kò fún wọn láyè láti ṣe ìkànìyàn, àmọ́ òfin fi kíkọ ọmọ tuntun àti òkú sílẹ̀ kún iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, àwọn gómìnà sì lè mú kí ìjọba ìbílẹ̀ ṣe é ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Kò sì sí òfin tó ní kí wọ́n má rán èèyàn lọ sí ilé ilé láti bèèrè omi àti ilé ìwé.

Ìlú Ìlárá wà ní Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n. Ààlà tí òyìnbó fà gba àárín rẹ̀ kọjá, apá kan rẹ̀ wà ní Nàìjíríà, apá kan ní Orílẹ̀-èdè Benin. Ní 2013, Benin ka àwọn èèyàn rẹ̀, wọ́n sì ka Ìlárá tiwọn mọ́ ọn. Àwọn mọ̀lẹ́bí wọn tó wà níhà ọ̀dọ̀ wa ṣì wà nínú ìwé 2006.