Pé 3, 7 àti 11 ò pín nọ́ńbà ńlá kan, ìyẹn ò sọ ọ́ di práìmù o

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, nǹkan yìí ń dùn mí gan-an ni. Èèyàn á gbé nọ́ńbà gbàǹgbà kan kalẹ̀, á ní "ó parí sí 7, 3 ò pín in, 7 ò pín in, 11 àti 13 náà ò pín in, práìmù nìyẹn", àwọn tó kù á sì gbà á bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Práìmù ni nọ́ńbà tó ju 1 lọ tí ohunkóhun ò lè pín láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra ẹ̀, àwọn kéékèèké tẹ́ ẹ dán wò yẹn nìkan kọ́ ló sì wà láyé.

Ẹ wo 4,294,967,297. Ẹ kọ 2 sílẹ̀ nígbà 32, 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2 títí dé ìparí, kẹ́ ẹ wá fi 1 kún un, òun lẹ máa rí. Fermat, ọ̀gá onímátíìsì ará Faransé, ti rí i pé 3, 5, 17, 257 àti 65,537 tí wọ́n wá lọ́nà kan náà (ẹ kọ 2 nígbà 1, 2, 4, 8 tàbí 16, ẹ sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn, kẹ́ ẹ fi 1 kún un), práìmù ni gbogbo wọn (òótọ́ sì ni), ló bá kọ ọ́ sínú lẹ́tà ní 1640 pé òun gbà pé bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo èyí tó tẹ̀ lé wọn máa rí. Èyí tó tẹ̀ lé wọn gan-an ló já a! Ní 1732 Euler, onímátíìsì ará Switzerland, fi hàn pé 641 pín in láìṣẹ́kù, ìdáhùn rẹ̀ sì jẹ́ 6,700,417. Ẹ ṣe é fúnra yín: 6,700,417 lọ́nà 600 jẹ́ 4,020,250,200, lọ́nà 40 jẹ́ 268,016,680, ẹ ro méjèèjì pọ̀, ẹ fi 6,700,417 kan ṣoṣo tó kù lé e, ó pé géérégé.

Ẹ tún wo nǹkan kan. Práìmù 115 ló wà ṣáájú 641, kò sí ìkankan nínú wọn tó pín nọ́ńbà yìí. Ẹni tó dán 100 wò tó wá dáwọ́ dúró, práìmù ló máa pè é, ó sì ti ṣiṣẹ́ gidi o.

Ibo ló wá yẹ kéèyàn dé? 65,536 lọ́nà 65,536 fi 1 péré dín sí nọ́ńbà wa, torí náà tí nọ́ńbà méjì bá lọ́po ara wọn bí i, ọ̀kan nínú wọn ò lè ju 65,536 lọ, torí tí méjèèjì bá jù ú lọ, ohun tí wọ́n máa bí á ti tóbi jù. Práìmù 6,542 ló wà títí dé ibẹ̀. Tí gbogbo wọn bá kọ̀, ìgbà yẹn lẹ lè pè é ní práìmù.

Euler ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé práìmù tó bá máa pín in, tẹ́ ẹ bá fi 64 pín òun náà, 1 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù. Ìyẹn gé iṣẹ́ kúrú gan-an: 193, 257, 449, 577, èyí tó kàn ni 641.