Ẹni Tó Ṣu Ní Í Gbàgbé: Ọ̀rọ̀ Lórí Káàdì Ìkíni Tó Ń Bú Ènìyàn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Òwe yìí ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí káàdì tí àwọn ará Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà ń fi ránṣẹ́ síra wọn ní ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé, tí í ṣe ọjọ́ olólùfẹ́ (Valentine), láti nǹkan bí ọdún 1840 títí wọ àwọn ọdún 1900. Vinegar valentine ni a mọ̀ ọ́n sí lónìí, torí pé ó kan bí ọtí kíkan.

Bébà pẹlẹbẹ kan ṣoṣo ni, owó rẹ̀ kì í sábà ju pẹ́nì kan lọ. Àwòrán ẹ̀sín wà lókè, ewì èébú wà nísàlẹ̀. Ẹ wo omidan kan tó ti ń retí ìwé olólùfẹ́ láti àárọ̀, tó ya àpòòwé tán, tó wá bá àwòrán arúgbó onímú ṣóńṣó tó gbé ológbò mọ́ra, tí ewì abẹ́ rẹ̀ sì ń sọ fún un pé kò ní rílé ọkọ láéláé. Télọ̀, ọ̀mùtí, apọ́n, àti àwọn obìnrin tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò náà rí tiwọn gbà.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹni tó fi í ránṣẹ́ kì í kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ní Ìlú Ọba, lẹ́yìn tí owó ìfìwéránṣẹ́ di pẹ́nì 1 ní ọdún 1840, bí kò bá lẹ sítáǹbù mọ́ ọn, pẹ́nì 2 ni wọn yóò gbà lọ́wọ́ ẹni tí ìwé náà dé bá, àfi bí ẹni pé ó fi owó ara rẹ̀ ra èébú. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, afiránṣẹ́ ti gbàgbé.

Wọ́n á ní eré ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀ lójúkojú ń wo ojú wa, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Ẹni tó fara pamọ́ kò rí ojú tó rẹ̀wẹ̀sì. Ní ọdún 1885, ìwé ìròyìn Pall Mall Gazette ti Lọ́ńdọ̀nù ròyìn pé ọkùnrin kan yìnbọn lu ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ti pínyà, nítorí irú káàdì bẹ́ẹ̀ tó gbà pé ọ̀dọ̀ obìnrin náà ló ti wá. Mo bẹ ẹ̀yin tó ń fi ìkíni ọdún ṣe yẹ̀yẹ́ ẹlòmíràn: èyí tí ẹ kò bá lè buwọ́ lù, ẹ má fi í ránṣẹ́.

Àwọn káàdì olólùfẹ́ tí wọ́n fi léèsì ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ni àwọn ènìyàn tọ́jú sínú àpótí. Ti èébú, ọ̀pọ̀ ni wọ́n ya, tàbí kí wọ́n sọ ọ́ sínú iná kí ará ilé tó rí i.