Ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò jẹjẹrẹ wọ ọjọ́ aláboyún l'Ékòó

Lórí bẹ́ǹṣì tí àwọn aláboyún ń jókòó sí, láti Ìsàlẹ̀ Èkó títí dé Mushin, ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n ń sọ wúyẹ́wúyẹ́: bí jẹjẹrẹ bá wà lára ìyá, ọmọ inú rẹ̀ ti kó o nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yìí tó láti mú kí obìnrin fi kókó tí ọwọ́ rẹ̀ bà lọ́mú pa mọ́ fún ọkọ àti ìyá ọkọ, torí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú olójòjò wo ọmọ tí òun ò tíì bí. A ò sọ pé irọ́ pátápátá ni. Àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ ni ewu wà.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Nínú nǹkan bí oyún 1,000, ọ̀kan ni jẹjẹrẹ ń bá pàdé. Nínú àwọn ìyá tó ní jẹjẹrẹ ọ̀hún, àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé bí ọ̀kan nínú 500,000 ni ọmọ rẹ̀ lè kó o. Olóbì ló kọ́kọ́ dínà. Bí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ bá tiẹ̀ yọ́ kọjá, ara ọmọ á mọ̀ pé àlejò ni, á sì pa á. Lọ́dún 2009, àwọn onímọ̀ láti Japan àti London ṣàlàyé bí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ obìnrin ará Japan kan ṣe dé ara ọmọbìnrin rẹ̀: àmì tí ara ọmọ náà ìbá fi dá sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún mọ̀ ti sọnù.

Èyí tó yẹ kó kan àwa l'Ékòó jù ni ti ọdún 2021, nígbà tí àwọn dókítà Japan sọ ìtàn ọmọkùnrin méjì tó ní jẹjẹrẹ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ oṣù 23, èkejì ọmọ ọdún 6. Ọrùn ilé-ọmọ ìyá kálukú wọn ni jẹjẹrẹ náà ti wá. Ó jọ pé nígbà tí wọ́n ń bí wọn lójú ara ni wọ́n fa omi tó ní sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ símú. Wọ́n ti rí kókó lọ́rùn ilé-ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ìyá yìí nínú oyún, wọn ò mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni àfìgbà tó bímọ tán. Èkejì ti ṣe àyẹ̀wò, èsì rẹ̀ sì dára. (Àyẹ̀wò kì í rí gbogbo nǹkan, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa.) Fáírọ́ọ̀sì HPV ló ń fa irú jẹjẹrẹ yìí, Èkó sì wà lára ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ fáwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní oṣù kẹwàá 2023. Ó dára. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń lóyún lónìí ti dàgbà ju ìyẹn lọ.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Jẹjẹrẹ tí wọn ò tètè rí lára ìyá ló ń sọ ọmọ di aláìníyàá. Ọjọ́ tí obìnrin bá forúkọ oyún sílẹ̀, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò, wọ́n á gba ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kẹ́nì kan tó ní kó bọ́ kọ́mú. Bó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ibì kan le lọ́mú òun, ohun tó máa gbọ́ ni, "Màmá, omi ọmú ló ń bọ̀."

Ohun tí à ń bèèrè lọ́wọ́ Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ò le. Kí nọ́ọ̀sì yẹ ọmú wò lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀, kí wọ́n sì tẹ àyè rẹ̀ sínú káàdì aláboyún. Aláboyún tó bá ń rí ẹ̀jẹ̀, kí dókítà wo ọrùn ilé-ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ò rí nǹkan kan, ó máa gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà; lọ́jọ́ yẹn gan-an ni kí wọ́n fi fínígà pa ọrùn ilé-ọmọ ìyá náà láti yẹ ẹ́ wò, torí ibi tí kò dára níbẹ̀ máa ń funfun. Fínígà ò wọ́n.

Ti olóbì tún wà ńbẹ̀. Bí ìyá tó ní jẹjẹrẹ bá bímọ, láàbù ló yẹ kí olóbì kọ́kọ́ dé, torí bí wọ́n bá rí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú rẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé kí wọ́n máa ṣọ́ ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ní tiwa, rírì là ń rì í. Bàbá ọmọ tàbí ìyá àgbà á ti dúró lẹ́nu yàrá ìgbẹ̀bí pẹ̀lú ọ̀rá dúdú, wọn ò sì ní gbà kẹ́nì kan fi ọ̀bẹ kàn án. A mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù. Kí wọ́n bá wọn sọ ọ́ kí ìrọbí tó dé, kí wọ́n gé ìwọ̀n tí láàbù nílò níṣojú wọn, kí wọ́n sì dá ìyókù padà.

Bí wọ́n bá sì rí jẹjẹrẹ nínú oyún, kò túmọ̀ sí pé oyún gbọ́dọ̀ lọ. Wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ, ọ̀pọ̀ oògùn kẹ́mò sì ṣeé lò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2015 ní Yúróòpù tẹ̀ lé ọmọ 129 tí ìyá wọn ní jẹjẹrẹ nínú oyún. Ọpọlọ wọn ò yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ wọn. Owó ni ìṣòro. Kí Ìlera Èkó, ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ wa, gbé e, títí kan owó láàbù olóbì.

Àwọn ìyá àbíyè ńkọ́? Ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ obìnrin ń bímọ sí, ìpínlẹ̀ ló sì ń fún wọn níwèé àṣẹ. Kí ẹnikẹ́ni má tún ìwé náà ṣe mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n ti kọ́ ọ bí a ṣe ń yẹ ọmú wò, àti ilé ìwòsàn tó yẹ kó darí obìnrin tó bá ní kókó sí.