Ẹ Má Fọwọ́ Kan Ọ̀rá Ọkọ̀ Wa

Ẹ bá mi kí àwọn ọlọ́kọ̀ ọ̀rá o, àwọn tí kì í bó ọ̀rá kúrò lára àga ọkọ̀ wọn. Ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú àmójútó, ọ̀rá ò ní ya mọ́ yín lára. Oṣù tó kọjá ni mo tún ko ọ̀kan nínú yín ní Tákìé, l'Ógbómọ̀ṣọ́: àna mi, àbúrò ìyàwó mi, tó gbé Camry 2005 wá kó wa lọ síbi ìkómọ ní Ọ̀yọ́. Mi ò tíì gbé ẹsẹ̀ wọlé tó fi ké: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbọn bàtà yín." Mo gbọn ọ̀tún, mo gbọn òsì. Mo jókòó. Àga dá mi lóhùn: wàrà!

Ọ̀rá ń bẹ lára àga iwájú, ó ń bẹ lára ti ẹ̀yìn. Ìlẹ̀kùn wọ tirẹ̀. Ibi tí wọ́n ń ki bẹ́líìtì bọ̀ náà wọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó wù mí jù ni ti ojú rédíò. Igun rẹ̀ kan ti ṣí, ó nà sókè bí etí ajá. Àna mi rí i, ó lá àtàǹpàkò, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. A dé Odò Ọbà, etí ajá tún dìde. Ó tún lá àtàǹpàkò. Tírélà ń bọ̀ níwájú, kòtò ń bẹ níwájú, ojú ọ̀gá wà lára igun ọ̀rá. Kí a tó wọ Ọ̀yọ́, mo ti kà á dé ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án. Ká ní sítáǹbù ló fi itọ́ yẹn lẹ̀ ni, lẹ́tà rẹ̀ ìbá ti dé Lọ́ńdọ̀nù.

Éésì wà o, kò sì bàjẹ́. Àmọ́ láti May 2023 tí ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ó ti di ohun tí a kàn ń fi han àlejò. Òógùn kúrò lẹ́yìn mi, kò rọ́nà gbà, ó ṣàn dé ìdí, ó fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Tó bá tẹ búréèkì, màá yọ̀ lọ síwájú bí ẹja àrọ̀. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá ọjà Akẹ̀sán, ìyá àgbà kan wo ìdí ṣòkòtò mi, ó wo ojú mi, ó sún mọ́ mi, ó rọra ní: "Ọmọ mi, balùwẹ̀ ń bẹ lẹ́hìnkùlé o."

Nítorí ọ̀rá!

Ẹ jẹ́ n bi yín, ta lẹ ń tọ́jú àga yẹn fún? Nọ́ńbà tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, 4T1 ló fi bẹ̀rẹ̀. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kàn án. Òyìnbó ti jókòó síbẹ̀ títí ó fi sú u. Ajá rẹ̀ ti sùn síbẹ̀. Mo rí irun rẹ̀ lábẹ́ ọ̀rá, funfun, ó gùn tó ìka. Ajá jókòó láìgbọn ẹsẹ̀, èmi ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ ni kí n gbọn bàtà.

Inú bí mi, mo ní kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo fa ọ̀pá ìwọn ọ́ílì yọ. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ó ń rùn.

"Ìgbà wo lo pààrọ̀ eléyìí gbẹ̀yìn?"

"Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yìí kì í jẹ ọ́ílì."

Kì í jẹ ọ́ílì! Omi kànga tó pọ́n bí ìpẹtà ló wà nínú redíétọ̀, àmọ́ ojú rédíò ń dán. Ọ̀lẹ ni yín. Ohun tí èèyàn ń rí nìkan lẹ ń nù.

Bàbá mi ra ọkọ̀ Ìjàpá ní 1976, ọdún kejì tí Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó. Ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, búùtù wà níwájú, kò mọ redíétọ̀, atẹ́gùn ló ń tù ú. Gíláàsì onígun mẹ́ta kan ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé: tó o bá yí i, atẹ́gùn á wọlé tààrà sí àyà rẹ. Ẹ ó ní ṣebí rọ́bà ni àga tirẹ̀ náà. Rọ́bà ni, mo ti gbọ́! Ìyá mi tẹ́ àlòkù òfì lé e. Ẹ fi mí sílẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀ ọ́ílì kalẹ̀, èmi ni mo ń gbá abọ́ mú. Ọjọ́ tí mo jẹ́ kí yanrìn kó sínú ọ́ílì tuntun, ìgbátí tí mo jẹ ṣì ń dún létí mi. Wọn ò gbá mi nítorí àga rí.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni àna mi ta Camry náà. Ẹni tó rà á ò tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà wa tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọ̀rá: ṣàràràrà! Òórùn kan jáde, gbogbo wa sún sẹ́yìn. Òógùn ọdún mẹ́ta ti sé mọ́bẹ̀, àga ti hu funfun bí àkàrà tó sùn. Ọkùnrin náà wo àga, ó wo àna mi.

Àna mi ò tiẹ̀ wo apá ibẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa ọ̀rá rẹ̀ jọ, ó ń nù ún, ó ń ká a ní méjì méjì. Ó ní òun máa lò ó fún èyí tó ń bọ̀.