Kì í Ṣe Orúkọ Tó Wà Lórí Gìtá ni Etí Ń Gbọ́

Láàárín àwa onígìtá, ìgbàgbọ́ kan wà tó ti mọ́ wa lára débi pé a kì í yẹ̀ ẹ́ wò mọ́: pé ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tirẹ̀, àti pé ẹni tó bá ti ta gìtá ilé-iṣẹ́ kan fún ọdún gbọọrọ, tó wá yà sọ́dọ̀ òmíràn, yóò pàdánù ohùn tí àwọn ènìyàn fi mọ̀ ọ́n. Yorùbá gbà pé orúkọ a máa ro ọmọ, ó sì jọ pé a ti gbé èrò yẹn lọ bá gìtá láìfura. Èmi náà gbà á gbọ́. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ta Fender Stratocaster ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde àríyá ní Ìbàdàn. Ní báyìí tí mo ti ta Yamaha Pacifica fún oṣù mẹ́fà, ó dá mi lójú pé ìgbàgbọ́ náà kò tọ̀nà, ó sì ń dùn mí pé àwọn ọ̀dọ́ onígìtá ń tìtorí rẹ̀ jẹ gbèsè.

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé Pacifica náà kọ́rùn, díẹ̀ ló kù kí ohun tí mo gbọ́ fi mí sẹ́yìn. Ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́, okùn rẹ̀ rọ̀ jù lábẹ́ ìka mi, bí mo bá sì fa okùn kan báyìí, yóò ti gòkè kọjá ibi tí mo ń lọ. Mo ní, "Yamaha nìyí, kì í ṣe Fender." Àbúrò kan tó ń ta béèsì pẹ̀lú wa ló béèrè bóyá irú okùn kan náà ló wà lórí gìtá méjèèjì. Kì í ṣe ọ̀kan náà. Okùn tí mo ń lò lórí Fender mi nípọn láti 0.010 íńṣì dé 0.046, èyí tó wà lórí Pacifica tín-ín-rín jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti 0.009 dé 0.042. Nígbà tí mo pààrọ̀ okùn, tí mo sì gbé pickup, ìyẹn ohun tó ń gba ìró okùn, sókè díẹ̀ kí ó lè sún mọ́ okùn bó ṣe wà lára gìtá mi àtijọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo pè ní ìwà Yamaha lọ kúrò níbẹ̀.

Bí gìtá oníná ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an ló fà á. Irin òòfà tí a fi waya bàbà tín-ín-rín wé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ni pickup. Bí okùn irin bá ń gbọ̀n lókè rẹ̀, yóò da agbára òòfà náà rú, ìyẹn ni yóò sì bí iná mànàmáná kékeré nínú waya, èyí tí yóò gba inú amplifier, ẹ̀rọ tó ń mú ohùn ròkè, dé inú sípíkà. Kò sí ibì kankan lójú ọ̀nà yìí tí orúkọ ti ń wọlé. Pickup single-coil, tó ní ìdì waya kan ṣoṣo, tí Fender fi sí Stratocaster nígbà tó jáde ní 1954, ló ń mú kí ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Humbucker, tí Seth Lover ṣe fún Gibson tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wà lórí gìtá wọn ní 1957, ní ìdì waya méjì tó ń pa ariwo tí iná ń fà, ohùn rẹ̀ sì kún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ tó bá wù ú lè lo èyíkéyìí. Pacifica tèmi ní single-coil méjì àti humbucker kan.

Mo dán an wò níbi ìdánrawò. Mo ní kí àwọn mẹ́fà nínú ẹgbẹ́ akọrin kọ ẹ̀yìn sí mi, mo sì ta ègé orin kan náà lórí gìtá méjèèjì, láti inú amplifier kan náà. Nígbà tó jẹ́ pé single-coil ẹ̀gbẹ́ ọrùn ni mo lò lára méjèèjì, bí wọ́n ṣe ń gbà á ni wọ́n ń ṣì í. Nígbà tí mo yí Pacifica sí humbucker, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Pickup ni wọ́n gbọ́.

Àwọn kan á ní ti igi tí a fi ṣe ara gìtá ńkọ́? Igi ń sọ bí gìtá yóò ṣe wúwo tó, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gìtá oníná tí George Beauchamp àti Adolph Rickenbacker bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1932, alumíníọ̀mù ni ara rẹ̀, síbẹ̀ ó dún.

Ìtàn àwọn ilé-iṣẹ́ náà gan-an kò ti ìgbàgbọ́ yìí lẹ́yìn. Leo Fender fúnra rẹ̀, ẹni tó dá Fender sílẹ̀ tí kò sì mọ gìtá ta, ta ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fún CBS, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, ní 1965, ó sì tún ṣe gìtá lábẹ́ orúkọ Music Man àti G&L lẹ́yìn náà. Bí ohùn bá wà nínú orúkọ, èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ohùn tirẹ̀? Ní Japan, ní 1982, ilé-iṣẹ́ FujiGen bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gìtá Fender fún ọjà ibẹ̀, òun kan náà ló sì ń ṣe gìtá Ibanez nígbà náà. Ẹ sì wo Jimmy Page, onígìtá ẹgbẹ́ Led Zeppelin: Gibson Les Paul ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ Fender Telecaster ló fi ta èyí tó pọ̀ jù nínú àwo àkọ́kọ́ Led Zeppelin tó jáde ní 1969. Pedal steel, irú gìtá kan tí a máa ń tẹ́ sílẹ̀ ta, jẹ́ ohun èlò tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń kọ orin country. Nílé wa níbí, nígbà tí Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ta á nínú ẹgbẹ́ King Sunny Adé, jùjú pọ́ńbélé ló jáde.

Ìyàtọ̀ tó wà ní tòótọ́, ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n. Gígùn okùn Stratocaster àti ti Pacifica dọ́gba, íńṣì 25.5, ìdí nìyẹn tí ìka mi kò fi ṣìnà lórí ọrùn gìtá tuntun náà. Ti Gibson Les Paul jẹ́ nǹkan bí íńṣì 24.75, èyí tó mú kí okùn rọ̀ díẹ̀ kí àwọn fret, ìyẹn irin tó dábùú ọrùn gìtá, sì súnmọ́ra, nítorí náà ẹni tó bá ti Fender lọ síbẹ̀ yóò nílò sùúrù jù mí lọ. Ohun tó yọ mí lẹ́nu kéré: bọ́tìnì mẹ́ta tí a fi ń tún ohùn ṣe ló wà lára Stratocaster, méjì ló wà lára Pacifica, fún ọjọ́ Ìsinmi méjì ni ìka mi sì ń wá ẹ̀kẹta tí kò sí níbẹ̀ láàárín orin. Ara mi ló ti mọ́ gìtá kan. Ohun tí mo ti ń pè ní ohùn mi láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, apá kan rẹ̀ jẹ́ ìtura ọwọ́.

Ẹni tó bá ń ronú àtiyí padà, kí ó mú irú okùn tó ń lò dání, kí ó fi sí gìtá tuntun náà, kí ó wọn bí pickup ṣe jìnnà sí okùn lára méjèèjì, kí ó sì ta á láti inú amplifier tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ṣọ́ọ̀bù kò tó fún ọwọ́ láti gbàgbé gìtá àtijọ́.