Memorial tó dínwó jù ní Kánádà: ti ọdún wo?

Ẹ̀gbọ́n kan pè mí láti Ìbàdàn ní Sátidé tó kọjá. Wọn ò tíì kí mi tán tí wọ́n fi dé orí ọ̀rọ̀: "Àbúrò, ọmọ mi ti gba àdímíṣọ̀n sí Yunifásítì Memorial ní St. John's. Ibẹ̀ mà ló dínwó jù ní gbogbo Kánádà! Owó pọ́ọ́kú! Ṣebí ibẹ̀ nìwọ náà ti kàwé?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?" Éjẹ̀ǹtì ni. Mo rọra gbé omi mu. Ẹni kẹrin rèé tó máa sọ ọ́ fún mi láàárín oṣù kan, ọ̀rọ̀ náà ti sú mi.

Òótọ́ ni, ó dínwó rí. Láti 1999 ni wọn ò ti jẹ́ kí owó ilé ìwé ibẹ̀ ga, torí ìjọba Newfoundland àti Labrador, ìpínlẹ̀ tí St. John's wà, ló ń fi owó tì í lẹ́yìn. Nígbà tí mo wọlé ní 2018, àjòjì tó ń ka dìgírì àkọ́kọ́ ń san 11,460 dọ́là Kánádà lọ́dún. Ọmọ ìpínlẹ̀ náà ń san 2,550. Kò sóhun tó jọ ọ́ ní Toronto. Àmọ́ ní 2021, ìjọba ní àwọn máa bẹ̀rẹ̀ sí í gé owó ìrànwọ́ yẹn kúrò díẹ̀díẹ̀. Owó ọ̀hún lé ní mílíọ̀nù 68 dọ́là lọ́dún. Níbo ni ilé ìwé fẹ́ ti rí i? Àwọn àjòjì tó wọlé ní Sẹ́pítẹ́ńbà 2022 bá 20,000 dọ́là pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ onílùú pàápàá bọ́ sí bíi 6,000.

Ẹ wá wo ibi tí irọ́ yìí ti ń rí oúnjẹ jẹ. Àwa tá a ti wà nílé ìwé ṣáájú 2022, wọn ò di ẹrù tuntun yẹn rù wá. Ìdá mẹ́rin péré nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ní àwọn máa fi kún tiwa lọ́dún. Mo ṣì rántí ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó wọlé lọ́dún náà, témi pẹ̀lú ẹ̀ jọ wà ní kíláàsì kan. Àga wa fara kanra, olùkọ́ kan náà ló ń kọ́ wa, síbẹ̀ bíi 8,000 dọ́là ni owó tiẹ̀ fi ju tèmi lọ. Torí náà, tẹ́nì kan bá ní "ọmọ àǹtí mi ń san kékeré níbẹ̀", ẹ bi í pé ọdún wo lọmọ náà wọlé.

Owó ilé ìwé nìkan kọ́ ló tún wà níbẹ̀. Títí di ìparí 2023, ẹni tó ń gba físà láìmú aya tàbí ọmọ dání máa fi hàn pé òun ní 10,000 dọ́là tóun máa fi jẹun, tóun máa fi sanwó ilé, yàtọ̀ sí owó ilé ìwé ọdún kan. Láti Sẹ́pítẹ́ńbà 2025, ó di 22,895. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú bírò. Láyé ijọ́sí: 11,460 àti 10,000, ó jẹ́ 21,460. Nísinsìnyí, ká tiẹ̀ fi 20,000 ti 2022 ṣírò: 42,895. Ìlọ́po méjì ni, ẹ ò sì tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú.

Wọ́n á tún ní ìlú kékeré ni, ìnáwó ò ní pọ̀. Erékùṣù ni o! Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé oúnjẹ wá. Ẹ lọ béèrè iye ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé St. John's. Ní ọjọ́ 17 Jánúárì 2020, yìnyín tó ju sẹ̀ǹtímítà 70 já bọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìlú wà ní títì fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, àwọn sójà wá ń bá wọn kó yìnyín. Gaàrí tí màmá mi dì fún mi ni mo mu.

Mi ò bú ilé ìwé náà. Ilé ìwé gidi ni. Ní 1925 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ní ìrántí àwọn ọmọ Newfoundland tó kú sójú ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ibẹ̀ lorúkọ ẹ̀ ti wá. Ó di yunifásítì ní 1949, ọdún tí Newfoundland dara pọ̀ mọ́ Kánádà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ ojú omi, kó lọ. Ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ tó so àwọn ilé inú ọgbà yunifásítì náà pọ̀ gba ẹ̀mí mi lọ́wọ́ òtútù láìmọye ìgbà. Ó dáa, mo gbà pé ìṣirò tàwọn tó ń lọ ṣe másítà oníwàádìí yàtọ̀, ilé ìwé máa ń ran àwọn kan nínú wọn lọ́wọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò lọ ṣe másítà.

Ẹ̀gbọ́n tún pè lálẹ́ àná. Éjẹ̀ǹtì ti fi ìwé iye owó ránṣẹ́ láti fi hàn pé irọ́ ni mò ń pa. Mo ní kí wọ́n bá mi ka ọdún tó wà lókè ìwé náà.

"2021," ni wọ́n wí.